Ta Ló Máa Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́? Bí Ìlú Kan Ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi Ṣe Yẹ Àwọn Òǹdíje Wò

Àárín àwọn Ọ̀kun, ẹ̀yà Yorùbá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, ni ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó kópa níbẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn náà ṣì ń gbé pọ̀, ìdìbò mìíràn sì ń bọ̀. Àdúgbò mẹ́rin ni ìlú náà, ibùdó ìdìbò mẹ́jọ. Iṣu, àgbàdo àti kajú ni iṣẹ́ wọn. Kànga dẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ìjọba gbẹ́ fún wọn wà nínú ọgbà ọkùnrin kan tó jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ òṣèlú kan lásìkò tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹgbẹ́ yẹn pàdánù, ọkùnrin náà ti géètì pa. Pọ́ǹpù bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti ìlú ni.

Ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni a ń sọ. Àga 25 ló wà nínú ilé náà ní Lọ́kọ́ja. Ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2022. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2023 ni ìdìbò tọ́ sí tẹ́lẹ̀, àjọ elétò ìdìbò, INEC, sún un sí ọjọ́ 18.

Òǹdíje mẹ́ta ni ẹnu ń kùn sí. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà, agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé l'Abuja, tí kì í pa ìsìnkú àgbà kankan jẹ: yóò wá, yóò jókòó ti olóyè, yóò sì fi màlúù sílẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìlú tó múlé gbè wọ́n. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Ẹnì kẹta ló kéré jù lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó rinlẹ̀ jù ní agbègbè náà ló fà á kalẹ̀.

Bí ẹ bá bi ará ìlú léèrè nígbà yẹn, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n máa dárúkọ. Ó ń kí ènìyàn, ó mọ ojúlé, ó san owó bíríkìlà tó kọ́lé fún un láìjẹ́ kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìdájọ́ báyìí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí ìwé ìṣúná rí, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jíròrò ní Lọ́kọ́ja, ohun tó fojú rí ni yóò fi ṣèdájọ́. Ìmọ̀ gidi ni. Ibi tó kù sí ni pé bí ènìyàn ṣe ń ná owó ara rẹ̀ ló ń fi hàn wá. Kò fi hàn wá bí yóò ṣe pín owó gbogbo ìlú nígbà tí kò bá tó gbogbo ìlú.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú náà kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba òǹdíje kọ̀ọ̀kan lálejò ní gbọ̀ngán ìlú, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Obì, owó ọtí, àdúrà, ọ̀rọ̀ ìlérí, ó parí. Akọ̀wé kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó láti yẹ ìwé náà wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Ọ̀nà, omi, iná, ilé ìwòsàn, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́: ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìwé yẹn tí wọn kò tètè rí. Ìdajì nínú ohun tí ìlú béèrè kò sí lọ́wọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ rárá. Wọ́n béèrè títúnṣe ojú ọ̀nà ńlá tó gba Kàbà lọ sí Ìlọrin, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ sì ni. Àpẹẹrẹ wà nítòsí wọn: ọ̀nà Ọbajánà sí Kàbà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tó lé ní kìlómítà 40, ilé iṣẹ́ Dangote ló ṣe é lábẹ́ ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi gbà kí ilé iṣẹ́ yọ owó ọ̀nà kúrò nínú owó orí rẹ̀. Kò sí aṣòfin ìpínlẹ̀ kan tó lè fi ìyẹn polongo. Ọjà, ọ̀nà abúlé, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn alábọ́dé, òfin orílẹ̀-èdè fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa tó pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ aṣòfin ni láti ṣe òfin, láti fọwọ́ sí ìṣúná, láti tọpinpin bí wọ́n ṣe ná an. Iṣẹ́ àkànṣe tó máa ń gbé wá sí agbègbè rẹ̀, inú ìṣúná náà ló ti ń wá, ó sì máa ń kéré: kànga kan, kíláàsì méjì, tiransifọ́mà kan. Nítorí náà, ìbéèrè tó bá a mu ni bí yóò ṣe yan ibi tí ohun kékeré yẹn máa bọ́ sí.

Kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi gbé ìgbésẹ̀ tiwọn. Wọ́n ṣe ìwé máàkì lórí WhatsApp, ìlà 12, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Ìwé-ẹ̀rí nìkan gba 20. Ìrírí iṣẹ́, 15. Ètò tí òǹdíje kọ sílẹ̀, 15. Wọ́n fi ọkàn tòótọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n kò dúró. Àwọn ìyá tó pọ̀ jù nínú olùdìbò kò lè kà á. Àwọn àgbà ní àwọn ò ní fi máàkì bí ọmọ iléèwé díwọ̀n ọmọ ẹni. Ìdí tó wọ̀ mí lára jù ni ẹ̀kẹta: ẹni tó pín máàkì náà ti dìbò kí olùdìbò tó dìbò. Ta ló ní ìwé-ẹ̀rí tọ́ sí 20, tí òtítọ́ inú sì tọ́ sí 5? Òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ kò béèrè ju kí ènìyàn kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá, kó sì pé ọmọ ọdún 25. Ohun tí ènìyàn kà sí pàtàkì ló wà nínú pínpín máàkì yẹn, àwọn tí kò gbé ìlú ló sì pín in.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní ìpàdé kan nínú oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdìbò ààrẹ. Wọ́n pe àwọn òǹdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ohun tí wọn kò ṣe rí. Wọ́n ti ń fẹ́ ṣe é bí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí Ìyálọ́jà dìde. Ó kí wọn, “Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ wa.” Wọ́n dáhùn. Ó wá ní, “Gbogbo yín lẹ máa fún wa lómi, a dúpẹ́. Èyí tí wọ́n fún wa lọ́jọ́sí, ẹ wo ibi tó wà. Tí ẹ bá gbé tiyín dé, ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?”

Gbọ̀ngán dákẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní, “Ìyá wa, ààfin ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Kábíyèsí ló ni ìlú.” Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́. Ẹnì kẹta ní alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù ni yóò mú un, nítorí ẹgbẹ́ ló máa dáhùn tí nǹkan bá bàjẹ́. Olùkọ́ ní ẹni mẹ́ta láti àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń pọnmi, kí wọ́n máa gba owó díẹ̀ lórí kéègì, kí wọ́n sì ní ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan lè fi ọwọ́ bo orúkọ, kó sì mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ fún oyè, ìgbọràn sí ẹgbẹ́, ìgbẹ́kẹ̀lé nínú àwọn tó ń lo nǹkan: ohun mẹ́ta tí ènìyàn rere lè gbà gbọ́, ètò omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n máa bí.

Akọ̀wé tètè gbọ́ ohun tí Ìyálọ́jà ṣe. Ó fi ìbéèrè méjì kún un lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì ní ìkòrítà nínú. Àkọ́kọ́: bí owó ọdún kan bá tó ohun kan péré, ṣé ọ̀nà oko ni tàbí òrùlé ilé ìwòsàn? Ìkejì: àdúgbò wo ni kànga tuntun máa kọ́kọ́ wọ̀? Ẹni àkọ́kọ́ ní òun yóò ṣe ọ̀nà àti ilé ìwòsàn pọ̀, kànga yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tó tóbi jù. Ẹnì kẹta ní ohun tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ bá fẹnu kò lé lórí ni, kànga yóò sì lọ síbi tí wọ́n ti dìbò fún òun. Olùkọ́ ní ilé ìwòsàn ni. Ó wo apá ibi tí àwọn àgbẹ̀ jókòó sí, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀nà oko kò ní rí owó lọ́dún yẹn. Mi ò lè purọ́ fún yín.” Kànga, ó ní kí wọ́n ka ìṣísẹ̀ láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan dé odò, kí èyí tó jìn jù kọ́kọ́ gbà.

Bí wọ́n ṣe gba ìdájọ́ ará ìlú yẹ fún àkíyèsí, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn nawọ́. Gbogbo ọwọ́ tẹ̀lé ibi tí ojú àwọn ìjòyè wà. Wọ́n fagi lé e. Wọ́n ta aṣọ sí igun gbọ̀ngán, wọ́n gbé igbá mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, òkúta kan, ewé kan, ìgbálẹ̀ kan níwájú igbá kọ̀ọ̀kan kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá òǹdíje mọ̀. Wọ́n fún olúkúlùkù ní kóró kajú kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 64 ló wà ní gbọ̀ngán. Nígbà tí wọ́n ka kóró ìbéèrè àkọ́kọ́, 83 ni wọ́n bá nínú igbá. Kajú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó wà lápò ọmọdé àti àgbà. Akọ̀wé rán ọmọ lọ mú osùn wá, wọ́n fi pa kóró 192 lára, wọ́n tẹ́ wọn sórí ẹní títí wọ́n fi gbẹ, wọ́n sì tún un ṣe. Aago méjì ti kọjá kí wọ́n tó parí.

Lórí ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, ẹni àkọ́kọ́ rí 33, olùkọ́ 12, ẹnì kẹta 16. Ẹni mẹ́ta kò fi kóró síbì kankan. Lórí àdúgbò, 27, 22 àti 14. Lórí kọ́kọ́rọ́, 14, 41 àti 8.

Ẹ wo bí nọ́ńbà náà ṣe rìn. Olùkọ́ sọ òtítọ́ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, òtítọ́ náà sì bá a jà: àwọn àgbẹ̀ kò fún un ní nǹkan kan. Ẹni tó ní òun yóò ṣe méjèèjì ló gbégbá orókè. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú ìpàdé yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òǹdíje tó bá dárúkọ ohun tí yóò fi sílẹ̀ yóò sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí a ò bá tẹnu mọ́ ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ tó dùn ni yóò jèrè. Olóòtú ìpàdé náà kò bi ẹni àkọ́kọ́ pé “èwo ni yóò ṣáájú?” Àṣìṣe tó tóbi jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, lójú tèmi.

Lórí kọ́kọ́rọ́, okùn ẹbí já. Obìnrin 24 ló wà níbẹ̀, àwọn ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn aṣọ. 21 nínú wọn ló fún olùkọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn. Àwọn ló ń jí ní aago mẹ́rin lọ sódò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá ń dùn lójoojúmọ́ kì í fi ti ìbátan díwọ̀n rẹ̀. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, nígbà ìdìbò ààrẹ 2001, wọ́n ṣe ìwádìí kan láwọn abúlé: òǹdíje kan náà gbé ìlérí oore fún agbègbè tiwọn nìkan lọ sí abúlé kan, ó gbé ìlérí ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè lọ sí òmíràn. Ìlérí oore fún tiwọn ló ṣiṣẹ́ jù lápapọ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fetí sí ìlérí ètò gbogboogbò ju àwọn ọkùnrin lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ yẹn kò jìnnà sí i.

Oṣù kẹta dé pẹ̀lú ọ̀wọ́n owó tí pípààrọ̀ náírà fà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní ní ọjọ́ 3 oṣù náà pé kí wọ́n máa ná náírà àtijọ́ títí di ìparí ọdún, síbẹ̀ owó kò tíì tú ká. Àwọn tó ń ra ìbò kò rí owó tuntun fi ra á. Iyọ̀, ànkárá àti owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ló rọ́pò rẹ̀. “Dìbò kí o sebẹ̀” kò kúrò nílẹ̀, aṣọ ló pààrọ̀. Àwọn àgbà kan fẹ́ kí gbogbo ìlú búra pé àwọn ò ní gbà á. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kọ̀, mo sì gbà pé wọ́n ṣe dáadáa: ẹni tí ebi ń pa yóò gbà á, yóò wá máa gbé ẹ̀bi ìbúra kiri. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin ìdìbò 2022, ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà lè san ìtanràn tó tó ₦500,000 tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12. Wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá ní ohun kan péré: fóònù kì í wọ ibi tí a ti ń tẹ̀ka, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ka tán, ẹ ká ìwé náà síbi tí ìka wà sínú, ẹ jù ú sápótí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe gbé e sókè. Ẹni tí kò rí ohun tó rà kì í fẹ́ san owó gọbọi.

Nínú ibùdó mẹ́jọ, olùkọ́ mú márùn-ún. Ọmọ ìlú mú méjì, àwọn tó wà ní àdúgbò bàbá rẹ̀. Ẹnì kẹta mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìlú kan kọ́ ni agbègbè ìdìbò, ẹnì kẹta ló wọlé.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni yóò ti ìwé pa níbí yìí. Àwọn wọ̀nyí ṣe ohun tí mo fẹ́ kí àwọn yòókù wò dáadáa. Wọ́n kó kókó ìdájọ́ ọjọ́ kajú, wọ́n sọ ọ́ di òfin ìlú, ojú ewé kan. Kò sí ilẹ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe kankan láìsí ìwé tí ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí pé àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ẹni mẹ́ta láti àdúgbò mẹ́ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́, ó kéré tán obìnrin méjì. Kò sí ọ̀dà ẹgbẹ́ òṣèlú lára táǹkì. Wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tó wọlé, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn méjì tó pàdánù pẹ̀lú, kó má baà dà bí ẹni pé ẹnì kan ni wọ́n ń bá jà.

Ìparí 2024 ni kànga dé. Aṣòfin fẹ́ kí ó wà nílé alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ìlú ní ìwé ilẹ̀ dà? Oṣù méjì ni ọ̀rọ̀ fi dúró, ìjà sì fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ ká gbà á, omi ni omi, kí wọ́n má gbé e lọ sí ìlú míì. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìyálọ́jà àti àwọn méjì lọ bá aṣòfin ní Lọ́kọ́ja. Wọn kò gbóhùn sókè. Ìyálọ́jà ní, “Onórébù, a ò bá yín jà o, ọmọ wa ni yín. Kóró mẹ́jọ péré lẹ rí lórí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó pọ̀ sí i.” Aṣòfin rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀ wá. Wọ́n fi ohun kan sílẹ̀ fún un: ẹni tirẹ̀ ni yóò máa kọ ìwé epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ka ìṣísẹ̀, àdúgbò tó jìn sí odò jù ló gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦20 lórí kéègì lítà 25. Lítà epo bẹntiróò ti kọjá ₦1,000 nígbà yẹn, owó náà kò gbé epo; wọ́n sọ ọ́ di ₦30. Àríyànjiyàn gbígbóná bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Ẹnì kan ní ọ̀fẹ́ ló pa kànga àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ní ìlú tó bá gba owó omi lọ́wọ́ opó tí kò lọ́mọ nílé ti sọ ara rẹ̀ nù. Wọ́n fẹnu kò sí kéègì méjì lóòjọ́ fún wọn, wọ́n sì lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀rọ.

Fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, àsìkò ṣe pàtàkì ju owó lọ. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fi ṣe ìdìbò yẹn, ìpolongo máa ń ṣí ní ọjọ́ 150 ṣáájú ìdìbò. Ìlú yìí fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣòfò lórí obì àti ìwé máàkì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jókòó lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnì kan má gbọ́ ìdáhùn ẹnì kejì kó tó wá. Ní Sierra Leone, nígbà ìdìbò 2012, wọ́n gbé fídíò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn òǹdíje ilé aṣòfin ká àwọn ibùdó ìdìbò. Ìmọ̀ àwọn olùdìbò pọ̀ sí i, ìbò àwọn tó ṣe dáadáa níbẹ̀ sì pọ̀ sí i. Fóònù kan ti tó láti gba ohùn sílẹ̀, bí òǹdíje bá gbà. Kí ìbéèrè má ju mẹ́ta lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ohun tí ipò náà lè ṣe, kó sì ní ẹni tí yóò pàdánù nínú. Àwọn tó ń lo nǹkan náà ni kí ẹ gba ìbéèrè lẹ́nu wọn. Bó bá jẹ́ akọ̀wé ló jókòó ronú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kò ní wá sí i lọ́kàn láéláé. Kí ẹ sì ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní gbọ̀ngán yẹn, 74 ni ọmọ ìlú ní, olùkọ́ 75, ohun tí àwọn obìnrin sọ ì bá ti farasin sínú rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kò tíì dárí ji olùkọ́. Ọ̀nà oko ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n fi àdá àti ọkọ́ la ibi tí mọ́tò lè gbà dé ìdí kajú, òjò àkọ́kọ́ sì gbẹ́ àárín rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tiwọn ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ báyìí de ìpàdé tó ń bọ̀: ta ló máa san owó ihò tí omi máa gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà náà, èwo nínú ohun tí ìlú ń jẹ lọ́wọ́ ni yóò sì dúró kí owó náà lè jáde?